Ọ̀rọ̀ Ló Sọnù Níbẹ̀: Iṣẹ́ Àwa Òǹkọ̀wé Lórí Ìkànnì Tí Gbogbo Èèyàn Lè Lò

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí wáyé ní Yábàá, níwájú àwọn tó ń kọ ìwé ìlò ẹ̀rọ, àwọn tó ń ya ojú ìkànnì, àti òṣìṣẹ́ báńkì díẹ̀. Mo ti gé e kúrú fún kíkà, mo sì fi méjì nínú ìbéèrè wọn sí ìparí.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìfaradà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Mo rí i pé oorun ò tíì dá lójú àwọn tó ti Erékùṣù sọdá Third Mainland wá. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká fetí sí nǹkan kan.

Mo yí ojú kọ̀ǹpútà mi sẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i, mo sì jẹ́ kí NVDA, sọ́fíwia tó ń ka ohun ojú kọ̀ǹpútà sétí afọ́jú, ka ojú ìwé kan síta. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyí:

"Link, click here. Link, click here. Graphic, IMG 4471. Edit, blank. Edit, blank. Button. Button."

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe lójú ìwé náà. Ẹnìkan ní ọjà ni wọ́n ń tà, òmíràn ní báńkì ni. Rárá o. Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ fún ìdánwò ni. Èmi ni mo kọ́ ọ fún àpẹẹrẹ, àmọ́ kò sí àléébù kan nínú rẹ̀ tí n kò ṣà láti orí ìkànnì tí à ń lò lójoojúmọ́ ní Èkó.

Ọ̀fẹ́ ni NVDA. Michael Curran, ọmọ Australia kan tí kò ríran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006, James Teh tí òun náà jẹ́ afọ́jú sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Ṣáájú ìgbà yẹn, owó ńlá ni afọ́jú fi ń ra irú rẹ̀ sórí Windows. Lórí fóònù Android, TalkBack ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Lórí iPhone, VoiceOver ni. Wọ́n ti wà nínú fóònù tó wà lápò yín báyìí, ẹ ò kàn tíì tàn wọ́n ni. Ẹni tó ń lò ó kì í wo ojú fóònù. Ìka ló fi ń wá nǹkan kiri, etí ló sì fi ń mọ ohun tí ìka bà. Ohun tí kò bá ti ní ọ̀rọ̀ lára, kò sí níbẹ̀ rárá lójú tirẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ mi wà. Tí a bá ti dárúkọ ìkànnì tí àkàndá ẹ̀dá lè lò, ojú àwọn tó ń kọ kóòdù la máa ń wò, àwa òǹkọ̀wé á sì káwọ́ gbera. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí ohun tí ẹ gbọ́. Ta ló kọ "click here"? Ta ló yẹ kó sọ ohun tó wà nínú àwòrán IMG 4471? Àpótí ìkọ̀wé méjì ("Edit, blank") tí kò lórúkọ, bọ́tìnnì méjì tí kò sọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ọ̀rọ̀ ló sọnù níbẹ̀. Òótọ́ ni pé onímọ̀ kóòdù ló máa so orúkọ mọ́ àpótí. Kí ló fẹ́ so, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan kan? Lójú tèmi, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń dí àwọn èèyàn wọ̀nyí lọ́nà, iṣẹ́ òǹkọ̀wé tí a kò ṣe ni.

Ìlànà àti òfin, ní ṣókí

Àjọ W3C, tó ń ṣe ìlànà iṣẹ́ ìkànnì lágbàáyé, tí Tim Berners-Lee dá sílẹ̀ ní 1994, ló ń tọ́jú WCAG, ìyẹn ìlànà fún ìkànnì tí gbogbo èèyàn lè lò. Ẹ̀dà kìíní jáde ní 1999, 2.0 ní 2008, 2.1 ní 2018, 2.2 sì jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ohun 86 ló là sílẹ̀, ní ìpele mẹ́ta, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: A, AA àti AAA. Ẹni tó bá fẹ́ dé AA, èyí tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń béèrè, yóò mú 55 ṣẹ nínú wọn. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn já yín láyà. Ohun mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ dá lé: kí èèyàn lè rí i tàbí gbọ́ ọ, kó lè lò ó, kó yé e, kí ẹ̀rọ yòówù tó ń lò sì lè kà á.

Nílé níbí, ìjọba Èkó ti ṣe òfin fún àkàndá ẹ̀dá láti 2011, òun ló bí LASODA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wọn. Ti ìjọba àpapọ̀ di òfin ní oṣù kìíní 2019. Àtẹ̀gùn àti ẹnu ọ̀nà ilé ni àwọn èèyàn máa ń rántí tí wọ́n bá dárúkọ àwọn òfin wọ̀nyí. Àmọ́ àdéhùn àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àkàndá ẹ̀dá, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí pátápátá ní 2010, dárúkọ íntánẹ́ẹ̀tì ní tààrà nínú abala kẹsàn-án. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń jókòó sí Yábàá tí ẹ ń ṣiṣẹ́ fún oníbàárà ní Yúróòpù, òfin tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọjọ́ 28, oṣù kẹfà, ọdún 2025. Ó kan ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kan báńkì, ó kan ìwé kíkà orí ẹ̀rọ. Wọn ò ní bi yín bóyá ẹ gbọ́.

Wáyà pupa

Mo ní ìwé ìlò inverter kan lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n ń dì mọ́ páálí. Gbólóhùn tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ kà báyìí: "So wáyà pupa mọ́ ibi pupa bó ṣe wà nínú àwòrán 3." Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Ẹni tí kò ríran ò rí àwòrán 3. Ẹni tí ojú rẹ̀ ò lè ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ mìíràn rí i, ṣùgbọ́n kò ṣe é láǹfààní. Ẹni tó ń tẹ ìwé náà jáde ní bisinẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tí wọ́n ti ń fi tádà dúdú tẹ̀wé, wáyà méjèèjì dúdú. NEPA mú iná lọ, onílé náà fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo bátìrì, eruku ti bo ohun pupa tí wọ́n ní kó wá. Bí wáyà bá sì ṣe pàṣípààrọ̀, inverter jóná nìyẹn, bí kò bá jẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ná wa ní kọ́bọ̀: "So wáyà pupa, èyí tí wọ́n kọ + sí lára, mọ́ orí bátìrì tí wọ́n kọ + sí. Àmì + náà yọ síta, o lè fọwọ́ bà á." Àwọ̀ ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó lè rí i, àmì wà, ọwọ́ náà rí nǹkan dì mú. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. WCAG sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ pé a ò gbọdọ̀ fi àwọ̀, ìrísí tàbí ibi tí nǹkan wà nìkan júwe rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Fọ́ọ̀mù ni mo tún fẹ́ dúró sí díẹ̀. Ẹnìkan fẹ́ fi NIN rẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Ó tẹ nọ́mbà, ó tẹ Submit, àpótí di pupa, "Invalid input" sì yọ lókè réré. Ẹni tó ríran á rí pupa yẹn, á máa ro ohun tó ṣe é. Afọ́jú ò gbọ́ nǹkan kan. Ó tẹ bọ́tìnnì, ilé dákẹ́. Á tún tẹ̀ ẹ́, á tún tẹ̀ ẹ́, títí ìkànnì á fi lé e jáde pé àkókò rẹ̀ ti pé. Kí ló ṣe? Díjíìtì 11 ni NIN, òun tẹ 10. BVN náà, díjíìtì 11 ni, nítorí náà ẹlòmíràn á fi ọ̀kan sípò èkejì, àpótí á gbà á, ìṣòro á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Díjíìtì 11 ni NIN máa ń jẹ́, 10 lẹ tẹ̀." Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ àpótí náà gan-an, kí onímọ̀ kóòdù so ó mọ́ ọn kí NVDA lè kà á lójú ẹsẹ̀. Mo kọ "lẹ tẹ̀", n kò kọ "lo tẹ̀", torí a ò mọ ẹni tó ń kún fọ́ọ̀mù wa. Ó lè jẹ́ ìyá ìyàwó yín. Èyí tó tún dára jù ni kí ẹ ti sọ díjíìtì 11 yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ rárá.

Ti ọ̀rọ̀ aṣínà (password) náà ń bí mi nínú. Àwọn áàpù kan kì í jẹ́ kí èèyàn lẹ ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí OTP mọ́ àpótí, wọ́n ní ààbò ni. WCAG 2.2 ti sọ ọ́ nísinsìnyí pé a ò gbọdọ̀ fi àhásórí nìkan ṣe ọ̀nà ìwọlé. Àwòrán tí wọ́n fi ń dán wa wò pé ṣé èèyàn ni wá ńkọ́? "Mú gbogbo ibi tí ẹ̀rọ omi panápaná wà." Ọmọ Mushin tó ríran kedere, níbo ló ti fẹ́ mọ ọ̀pá kúkúrú ẹ̀gbẹ́ títì Amẹ́ríkà?

Ìwé àṣẹ tí wọ́n fi fóònù yà, tí wọ́n wá sọ di PDF, àwòrán lásán ni. NVDA ò rí ọ̀rọ̀ kan kà nínú rẹ̀ ní tààrà. Ẹ fi fáìlì tí ẹ fi kọ ọ́ ránṣẹ́, ó tán.

Nípa àwọ̀ lẹ́tà: ní ìpele AA, WCAG ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó wà láàárín lẹ́tà àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, ó kéré tán, bí lẹ́tà náà kò bá tóbi. Àwọ̀ eérú tí kọ̀ǹpútà ń pè ní #767676 lórí funfun yege, #777777 kò yege, ẹ wo bí àlà náà ti tínrín tó. Àwọn ayàwòrán ojú ìkànnì fẹ́ràn eérú tó ti ṣá. Kí wọ́n gbé e dé Òjúẹlẹ́gba lọ́sàn-án gangan, lábẹ́ oòrùn, kí wọ́n kà á fún mi.

Mi ò fẹ́ ká gbàgbé àwọn adití. Fún ọ̀pọ̀ wọn, èdè ọwọ́ ni èdè àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé wá di èdè kejì. Gbólóhùn gígùn tí a fi ń ṣe fújà ń dá wọn lágara ju bó ṣe ń dá wa lọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ sì ń kọ fúnra rẹ̀ sábẹ́ fídíò, ẹ má gbà á gbọ́. Orúkọ Yorùbá ló kọ́kọ́ máa ń bà jẹ́.

Ohun tí mo máa ń lò

Ìkànnì WAI, ẹ̀ka W3C tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀fẹ́ ni, àlàyé wọn lórí bí a ṣe ń júwe àwòrán dára gidigidi. WAVE àti axe máa ń tọ́ka sí àṣìṣe lójú ìwé, Lighthouse tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà sì ti wà nínú Chrome. Google ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn tó ń kọ ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ, ọ̀kan nínú wọn dá lórí ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí gan-an. Lórí kíkọ ọ̀rọ̀ tó yéni, ISO, àjọ tó ń ṣe ìlànà iṣẹ́ lágbàáyé, gbé ìlànà 24495-1 jáde ní 2023.

Ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ nìkan ṣàyẹ̀wò o. Bí mo bá kọ "àwòrán" sára àwòrán, ẹ̀rọ á ní ó dára, torí ó rí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò wúlò. Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta kóòdù onílà kan, tí wọ́n ní ó ń tún gbogbo ìkànnì ṣe lóru ọjọ́ kan. Ní 2025, FTC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà, gba mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ Yorùbá, ẹ rí i pé lang="yo" wà nínú kóòdù ojú ìwé yín. Bí ó bá jẹ́ "en" ló wà níbẹ̀, ẹnu òyìnbó ni ẹ̀rọ máa fi kà á. Lẹ́tà bí ẹ́ àti ọ̀ kò ní àmì kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà; lẹ́tà àti àmì ohùn ni wọ́n so pọ̀, nítorí náà ẹ yan fọ́ńtì tí kì í gbé àmì ohùn sórí lẹ́tà ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè

Ọ̀gbẹ́ni kan láti báńkì dìde: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. A wo àkọsílẹ̀ wa, afọ́jú ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lára àwọn tó ń lo áàpù wa. Ṣé ó tó ohun tá a fẹ́ náwó lé?"

Mo ní: àbúrò, báwo lẹ ṣe mọ̀? Àkọsílẹ̀ kì í sábà sọ fún yín ẹni tó ń fetí lò ó. Ẹni tí kò sì rí ọ̀nà wọlé, kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan. Ó ti lọ sí ẹ̀ka yín ní Sùúrùlérè láti lọ tò, tàbí ó ti fi káàdì àti PIN rẹ̀ lé ọmọ àdúgbò lọ́wọ́. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń dáhùn fóònù oníbàárà, iye ìgbà tí wọ́n ń gbọ́ "ẹ bá mi ṣe é, mi ò rí i."

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ ìwé ìlò fún ilé-iṣẹ́ ìsanwó béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo la ti máa rí àwọn tó máa bá wa dán an wò?"

Mo ní: wọn ò jìnnà. Ibùdó tí àwọn afọ́jú ti ń kọ́ṣẹ́ wà l'Óṣòdì, ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli ti wà ní Sùúrùlérè láti 1962, àwọn tó jáde níbẹ̀ sì ti di àgbà òṣìṣẹ́ káàkiri. Àwọn afọ́jú wà ní yunifásítì tó wà l'Ákòkà tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà kẹ́kọ̀ọ́ lójoojúmọ́. Ẹ kàn sí wọn, kí ẹ sì sanwó fún wọn. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti pe àwọn èèyàn yìí wá jókòó fún wákàtí gbọọrọ, tí wọ́n wá fi ìrẹsì àti kóòkì dá wọn lọ́lá. Iṣẹ́ ni. Ohun tí ẹ ń san fún ayàwòrán tàbí onímọ̀ kóòdù fún wákàtí yẹn, ẹ san án fún wọn, kí ẹ fi owó ọkọ̀ wọn kún un, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ya ojú ìwé kan ṣoṣo.