Ó Fẹ́ràn Rẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Òjò ń rọ̀ ní Peckham, ní London níbí, ẹ ó máa gbọ́ ọ lójú fèrèsé mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ti wà nínú mi, ó ti tó ọdún méjì. Ọ̀rọ̀ ìwé kíkà ni. Ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ràn ìwé ìtàn ìfẹ́. Ohun tí mi ò tíì sọ fún yín ni pé èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni èyí tó jẹ́ pé ọkùnrin méjì ni ìfẹ́ ara wọn ń pa. Mò ń kà wọ́n nínú bọ́ọ̀sì, mò ń kà wọ́n bí a bá sinmi díẹ̀ níbi iṣẹ́ alẹ́. Inú mi máa ń dùn sí wọn gan-an ni.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan pè mí láti Ìbàdàn. A ti jọ wà láti kíláàsì kìíní ní girama. Mo wà ní kíṣìnì, mò ń fọ ewúro, mo gbé fóònù ti agolo mílíìkì. Ó ní kí n sọ ohun tí mò ń kà fún òun, bí a ti máa ń ṣe lọ́mọdé. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀.

Mo ní ọmọ ilé ire kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, láyé àtijọ́. Ó lọ sí Yunifásítì Cambridge, ó pàdé ẹnìkan níbẹ̀. Ẹni yẹn ló kọ́kọ́ lanu sọ pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó fi ìbínú dá a lóhùn. Ìgbà tó yá ló tó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí nínú òun náà, ó wá gba ojú fèrèsé wọlé lóru lọ sọ fún un. Wọ́n jọ wà fún ọdún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹni yẹn yí padà, tó lọ bá ẹlòmíràn ṣègbéyàwó.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Háà! Ọ̀dàlẹ̀!"

Mo ní kó ní sùúrù. Lọ́jọ́ kan tó lọ kí ọ̀dàlẹ̀ yẹn nílé ńlá tó ń gbé, ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ ẹran igbó fún wọn. Ẹni yìí gbé àkàbà ti ògiri lóru, ó sì gùn ún wọ yàrá rẹ̀. Bí ìfẹ́ tuntun ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni yìí ti sanwó ọkọ̀ ojú omi, ó ń kó lọ sí Ajẹntínà. Nígbà tí ọjọ́ pé, olólùfẹ́ rẹ̀ lọ sí èbúté Southampton kó lè fojú kàn án kẹ́yìn. Àwọn ẹbí ti dé. Ẹrù ti wọlé. Ọkọ̀ fẹ́ ṣí. Ẹni tó ń rìnrìn àjò ni wọn ò rí.

Ọ̀rẹ́ mi dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín: ọkọ rẹ̀ gba pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà lọ ní 2003, kò sì padà wá mọ́.

"Kò wọ ọkọ̀ náà?"

"Kò wọ̀ ọ́."

"Torí ìfẹ́?"

"Torí ìfẹ́. Nínú ilé tí wọ́n ń kó ọkọ̀ ojú omi pamọ́ sí, lẹ́bàá omi, níbi tó ti ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ pé kó wá pàdé òun, ibẹ̀ ló ti bá a, ó sùn, ó ń dúró dè é."

Mo gbọ́ tó fa imú. Ó ní, "Ọmọbìnrin yẹn ṣoríire o."

Mo ní, "Kì í ṣe ọmọbìnrin. Ọkùnrin ni. Ọkùnrin ni àwọn méjèèjì."

Ó dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi nu ọwọ́ mi, mo wo fóònù bóyá ó ti já. Kò já. Ó ṣe díẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n kò wọ ọkọ̀ náà?"

Mi ò tàn án jẹ o. Bí èèyàn ṣe ń sọ ìtàn lédè wa nìyẹn. Bí mo bá fẹ́ sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn kejì ni yóò ti hàn bóyá akọ ni tàbí abo, ẹni tó sì fẹ́ dí etí rẹ̀ yóò ti dí i. "Ó" tiwa kò bi ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí i. Kò rí i, oorun kò kùn ún. Olólùfẹ́, àyànfẹ́, àfẹ́sọ́nà, kò sí èyí tó ń béèrè irú ẹni tí o jẹ́. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi fi máa mọ̀, ọkàn rẹ̀ ti bá wọn dé Southampton.

Maurice ni wọ́n ń pe ìwé náà, E. M. Forster ló kọ ọ́. Ní 1913 ó lọ kí òǹkọ̀wé kan, Edward Carpenter, ní abúlé Millthorpe, nítòsí Sheffield, níbi tí Carpenter àti ọkùnrin kan, George Merrill, ti jọ ń gbé bíi tọkọtaya. Merrill fọwọ́ kan Forster ní ìdí jẹ́jẹ́, Forster sì kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ojú ẹsẹ̀ ni ìtàn náà sọ sí òun lọ́kàn. Ó parí rẹ̀ ní 1914. Ó fi pamọ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń fún kà. 1971 ni ìwé náà tó jáde, nígbà tí òun ti kú ní 1970. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ọdún 57.

Òfin tó ka ìbálòpọ̀ ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin sí ẹ̀ṣẹ̀ ló fà á. Ní 1895 wọ́n torí rẹ̀ ju òǹkọ̀wé Oscar Wilde sẹ́wọ̀n ọdún méjì pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára, 1967 ni òfin náà sì tó dẹ̀ ní England àti Wales. Forster sọ pé bó bá jẹ́ pé ikú ni òun fi parí ìtàn náà, ìbá rọrùn láti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó kọ̀. Ó ní dandan ni kó parí sí ayọ̀. Ó fara mọ́ ọn kí aráyé má kà á lójú ayé òun ju kí ó pa wọ́n lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún un títí láé nítorí ìyẹn.

Nígbà tí a wà ní girama, Mills & Boon, ìwé ìtàn ìfẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, la máa ń kà, a ó fi ìwé ìròyìn bo ẹ̀yìn rẹ̀, yóò ti ọwọ́ ẹnìkan dé ọwọ́ ẹnìkejì títí tí yóò fi ya. Mo jẹ adùn wọn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin inú wọn, ojú rẹ̀ le, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò jáde àfi ìgbà tí ìwé bá fẹ́ tán. Obìnrin ni yóò máa wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń wo ojú ọjọ́. Tiwa náà, a mọ̀ bó ṣe ń lọ: ọkùnrin á kọ ẹnu, obìnrin á fi falẹ̀, alárinà á máa lọ á máa bọ̀. Kálukú mọ ipa tirẹ̀.

Bó bá wá di ọkùnrin méjì ńkọ́? Ta ni yóò rán alárinà? Ta ni yóò fi falẹ̀? Àwọn méjèèjì ni wọ́n tọ́ dàgbà pé ọkùnrin kì í sunkún, pé kí wọ́n gbé e mì. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ la ẹnu ṣáá, èkejì sì gbọ́dọ̀ dáhùn. Bí mo bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu ọkùnrin kan, tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, mo máa ń pa ìwé dé kí n mí ná. Mi ò rí irú rẹ̀ rí, lójú ewé tàbí nínú ilé tí mo dàgbà sí. Bàbá mi fẹ́ràn wa, ìyẹn dá mi lójú. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Gay's the Word ni mo ti ra Maurice, lójú ọ̀nà Marchmont. Ṣọ́ọ̀bù ìwé àwọn tó fẹ́ràn akọ tàbí abo bíi tiwọn ni, láti 1979 ló sì ti wà. Ní 1984 àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ya wọ ibẹ̀, wọ́n kó ìwé rẹpẹtẹ lọ, wọ́n sì pe àwọn tó ni ín lẹ́jọ́. 1986 ni wọ́n fi ẹjọ́ náà sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń bọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìró àti bùbá àdìrẹ ló wà lọ́rùn mi. Ẹni tó ń tajà béèrè aṣọ náà, mo ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti pa á láró. Mo wọ bọ́ọ̀sì 63 ní King's Cross, mo ṣí ìwé, mo kọjá Peckham, àfi Honor Oak.

Nílé ńkọ́? Ẹ mọ òfin 2014: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ọkùnrin méjì tó bá fẹ́ra wọn níṣulọ́kà, ọdún 10 fún ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ó dùn mí. Síbẹ̀ àwọn ọmọ wa ń kọ̀wé. Ìwé tí Arinze Ifeakandu kọ ní 2022 kún fún ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin ní Nàìjíríà, ó sì gba ẹ̀bùn ìwé kíkọ tí wọ́n ń pè ní Dylan Thomas ní 2023. Lédè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ohun tí mò ń wá ni kí ẹnìkan kọ ọ́ ní Yorùbá. Kí ó fi "ó" wa kọ ọ́, ojú ewé lórí ojú ewé, kí wọ́n jọ jẹ àmàlà ní Mọ́kọ́lá, kí ọ̀kan fi ẹran sí abọ́ èkejì láìsọ nǹkan kan, kí ó sì wá sọ ọ́.

Lánàá, ọ̀rẹ́ mi fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kò tilẹ̀ kí mi. "Níbo ni wọ́n wá ń gbé? Kí ni wọ́n ń jẹ?" Mo dá a lóhùn pé Forster kọ apá kan tẹ́lẹ̀, níbi tí àbúrò Maurice ti ṣèèṣì bá wọn pàdé nínú igbó lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tí wọ́n ti di agégi, ṣùgbọ́n ó padà yọ ọ́ kúrò.

Ó ní, "Agégi? Ìyẹn dáa. Agégi á rí jẹ." Ó ní kí n pe òun lálẹ́ òní, kí n tún sọ ibi èbúté yẹn fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n má sáré sọ ọ́. Bí mo bá ti pa ẹ̀rọ yìí, òun ni mo fẹ́ pè.