Òróró Àgbọn àti Àdín Ìyá Àgbà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ wo ìgò méjì tó wà níwájú mi yìí. Èyí tó mọ́ gaara ni òróró àgbọn. Ìgò rẹ̀ dára, bébà aláràbarà wà lára rẹ̀, owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi kò sì kéré. Èkejì tó dúdú yìí, àdín ni, èyí tí wọ́n dín èkùrọ́ títí tó fi yọ epo. Inú ìgò rọ́bà ni ìyá tó tà á fún mi rọ ọ́ sí. Òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo iyàrá; ẹ dúpẹ́ pé fídíò kì í gbé òórùn.

Kí ló dé tí mo gbé wọn kalẹ̀ pọ̀? Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọ̀rá kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní lauric acid. Òun ló tó nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú òróró àgbọn, òun náà ló tó bẹ́ẹ̀ nínú àdín. Tí ẹnìkan bá wá ń pariwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé lauric acid ni àṣírí òróró àgbọn, ẹ rántí pé àṣírí ọ̀hún ti wà nínú ṣágo ìyá àgbà tipẹ́tipẹ́. Kẹ́ ẹ ṣáà má gbé àdín dé ọ̀dọ̀ Èṣù, èèwọ̀ rẹ̀ ni.

Ẹ fi èyí ṣọ́ra lọ́jà. Tí ojú ọjọ́ bá tutù kọjá ìwọ̀n bíi 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òróró àgbọn á funfun, á dì bí òrí. Ẹni tó ń tà á á ní, "Ẹ ò rí i pé ó dì? Ojúlówó ni." Àdín náà ń dì nígbà ọyẹ́, dídì nìkan kì í ṣe ẹ̀rí!

Lójú tèmi, orí àti ara ni òróró àgbọn ti gbayì jù. Wọ́n ti fi wé òróró mìíràn: òun ló ń wọnú fọ́nrán irun, tí kì í jẹ́ kí irun pàdánù purotéènì púpọ̀ nígbà tí a bá ń fọ̀ ọ́. Torí náà, kẹ́ ẹ tó fọ irun ni kẹ́ ẹ fi pa á. Fún ara gbígbẹ, ẹ pa á lẹ́yìn ìwẹ̀ nígbà tí omi kò tíì gbẹ tán lára.

Àwọn kan ní ká máa mu ṣíbí òróró àgbọn kan láràárọ̀ fún ìlera; ìyẹn ni mi ò fara mọ́. Ṣíbí ìjẹun kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 14. Ó lé ní gíráàmù 11 nínú rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀rá líle (saturated fat), irú ọ̀rá tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má kọjá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára oúnjẹ òòjọ́ wa. Fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000 lójúmọ́, gíráàmù 22 nìyẹn. Ẹ ò tíì fojú kan èbà, ìdajì ti lọ! Wọ́n á ní ó ń gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rere, irú ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kan, sókè. Òótọ́ ni. Èyí tí kò dára ńkọ́? Ó ń gbé òun náà sókè. Ìwádìí 16 tí wọ́n kó jọ lọ́dún 2020 ló fi hàn bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi dín dòdò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò séwu. Àmọ́ epo pupa tí wọ́n ń bú nítorí òróró àgbọn ní èròjà tí ara ń sọ di fítámì A, òróró àgbọn kò ní in.

Ẹnìkan á bi mí nípa àwọn ará Tokelau, ní àárín òkun Pàsífíìkì. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1981 rí i pé àgbọn ló ń fún wọn ní èyí tó ju ìdajì agbára oúnjẹ wọn lọ, àìsàn ọkàn kò sì wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ẹ gbọ́ ìyókù: àgbọn gan-an ni wọ́n ń jẹ, pẹ̀lú ẹja, ṣúgà wọn kò sì tó nǹkan. Síbẹ̀ náà, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wọn ga ju ti àwọn ará Pukapuka, erékùṣù mìíràn nínú òkun Pàsífíìkì, tí àgbọn tiwọn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Tí a bá rin àgbọn, tí a fún un, tí a gbé omi rẹ̀ kaná títí epo fi yọ, èyí tí a fún tán la máa ń dà nù. Ibẹ̀ sì ni fáíbà tó ń bá wa tọ́jú ìfun wà. Gíráàmù 100 àgbọn tútù ní fáíbà tó tó gíráàmù 9. Òróró rẹ̀ kò ní ẹyọ kan.

Omi inú rẹ̀ wá ńkọ́? Wọn kì í jẹ́ ká mu ún ní kékeré. Wọ́n ní ọmọ tó bá mu omi àgbọn á gọ̀. Mo fura pé àwọn àgbà fẹ́ dá a mu ni. Omi ni, ṣúgà díẹ̀ àti pòtásíọ̀mù. Kò sí gígọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ń yọ lẹ́nu ni kó kọ́kọ́ bi dókítà.

Mo ti rán ọmọ lọ ra àgbàdo sísè mẹ́ta. Àgbọn tí mo fọ́ kí n tó jókòó síbí ṣì wà nínú abọ́. Ìgò méjèèjì yìí, balùwẹ̀ ni mò ń gbé wọn lọ.