Ọyẹ́ Àkúrẹ́ àti Òróró Àwọn Ará Íńdíà

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ sì kú ọyẹ́. Kí n tó sọ ohunkóhun, kí olúkúlùkù wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Àbí ta ni tirẹ̀ kò funfun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ku èlùbọ́?

Àwọn ará Íńdíà ní orúkọ fún ohun tó ń ṣe wá yìí. Nínú Ayurveda, ìṣègùn ìbílẹ̀ wọn, ipá mẹ́ta ló ń darí ara: Vata, Pitta àti Kapha. Ti atẹ́gùn ni Vata. Ó gbẹ, ó tutù, ó fúyẹ́, kì í dúró lójú kan. Wọ́n ní bó bá pọ̀ jù lára ènìyàn, awọ á gbẹ, ìgbẹ́ á le, oorun á jìnnà, ọkàn á sì máa fò kiri.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi nìyí. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń kọ̀wé lórí Ayurveda máa ń ní ìgbà ìwọ́wé ni ìgbà Vata. Òótọ́ ni lọ́dọ̀ wọn, torí atẹ́gùn ibẹ̀ ń tutù, ó sì ń gbẹ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìgbà mẹ́fà ni àwọn tó ni ìmọ̀ náà pín ọdún sí. Sharad, èyí tó tẹ̀lé òjò, tó bọ́ sí nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, Pitta ni wọ́n ní ó ń ru nínú rẹ̀, ìyẹn ooru. Oṣù kan náà, ìtọ́jú ọ̀tọ̀! Ojú ọjọ́ ni wọ́n ń wò, wọn ò wo kàlẹ́ńdà. Ní oṣù kẹwàá, òjò ṣì ń pa wá ní Àkúrẹ́. Ìgbà tí ọyẹ́ bá gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà dé, tí a kò rí òkè Ìdànrè lókèèrè mọ́, ni Vata tiwa dé.

Òróró ni wọ́n fi ń bá a jà. Wọ́n á mú òróró yànmọ̀tí, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní rídí, wọ́n á gbé ìgò rẹ̀ sínú omi gbígbóná kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n á fi pa ara láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n á yí ọwọ́ po oríkèé, wọ́n á sinmi díẹ̀, kí wọ́n tó wẹ̀. Ìyá tèmi, ẹ̀yìn ìwẹ̀ ló ń fi òrí pa wá, nígbà tí omi ò tíì gbẹ lára. Ìyá mi ni mo gbè nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí òróró tó bá bá omi lára ni kì í jẹ́ kó fò lọ.

Ti oúnjẹ kò gùn: kó gbóná, kó ní ọbẹ̀, kó ní atalẹ̀ díẹ̀. Iyán wa yege. Gààrí olómi tútù ní àárọ̀ ọyẹ́ ni mi ò lè gbèjà.

Èyí tó le jù ni pé wọ́n ní kí a máa sùn, kí a máa jí, kí a máa jẹun ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Ní oṣù kejìlá ńkọ́, tí ìgbéyàwó mẹ́ta bọ́ sí Sátidé kan ṣoṣo? Èmi náà ò tíì rí i ṣe. Ẹ fi òde kan sílẹ̀, ó tán.

Ìyá kan wá béèrè nípa òróró tí wọ́n ń kán sí imú. Mo ní kí wọ́n má dán an wò fún ọmọdé rárá, torí ó lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹnìkan béèrè nípa oògùn wọn tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2008 yẹ 193 irú rẹ̀ wò, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló ní òjé, mákúrì tàbí asẹ́níìkì nínú, májèlé sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òróró ni kí ẹ bá wọn lò, ẹ fi oògùn sílẹ̀ fún wọn. Bí ẹ bá sì ti fi pa àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ kí ẹ tó tẹ táìsì o.