Ohun Tí Baba Kọ̀, Tí Ọmọ-Ọmọ Ń Ṣọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin òǹwòran wa. Ààfin Aké ní Abẹ́òkúta ni ẹ ń wò yìí. Ní ọdún 1947 àti 1948, iwájú rẹ̀ ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣíwájú wọn, ti ń pé jọ léraléra, tí wọ́n ń béèrè pé kí ìjọba yé gba owó-orí lọ́wọ́ obìnrin, kí obìnrin náà sì ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Lójú àwọn tí ó wà nípò nígbà náà, ìdàrúdàpọ̀ gbáà ni. Síbẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀, a dá owó-orí obìnrin dúró, àwọn obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀. Ìparí ọdún 1950 ni ọba náà tó padà sórí ìtẹ́.

Lónìí, bí olùdíje kan ti wù kí ó fẹ́ràn àṣà tó, kò jẹ́ dúró níwájú àwọn olùdìbò Abẹ́òkúta kí ó ní kí obìnrin jáde kúrò nínú ìgbìmọ̀. Ohun tí a pè ní ọ̀tẹ̀ ní ayé àwọn ìyá wa àgbà ti di ohun tí olóṣèlú apá méjèèjì gbà láìjiyàn, bí ó ti ń di bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Nínú ìṣèlú, a ní olùpàṣàmọ́, ẹni tí ó gbà pé ohun tí ó wà nílẹ̀ ti la ìdánwò kọjá, pé kí a má tètè tú u ká. A sì ní onítẹ̀síwájú, ẹni tí ó gbà pé ohun tí ó wà nílẹ̀ ń ni àwọn kan lára, pé ó yẹ kí a tún un ṣe. Ẹ kíyè sí i pé ohun tí ó wà nílẹ̀ ni àwọn méjèèjì fi ń wọn ara wọn. Bí ohun tí ó wà nílẹ̀ bá yí padà, ẹni tí kò sún rárá lè bá ara rẹ̀ ní apá kejì.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí owó-orí yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù. Ta ni ó gbé e dé? Kì í ṣe àwọn baba ńlá Ẹ̀gbá. Títí di ọdún 1914, ìjọba Ẹ̀gbá dá dúró, owó ibodè sì wà lára ohun tí ó fi ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba òmìnira náà ni wọ́n gbé owó-orí dé ní 1918. Àwọn ará ìlú dìde, wọ́n gbé ìbọn, wọ́n hú ojú irin rélùwéè, ìyẹn ni Ogun Adùbí. Ọgbọ̀n ọdún péré lẹ́yìn náà, owó-orí kan náà ti di ètò ìlú tí àwọn aláṣẹ ń ṣọ́ bí ẹni pé Ṣódẹkẹ́ tí ó tẹ ìlú náà dó ni ó fi lélẹ̀. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní ọlọ̀tẹ̀ ni wọ́n ní ẹ̀rí àtijọ́ lọ́wọ́, torí pé láti ọdún 1864 ni Ẹfúnróyè Tinúbú ti jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Ní tèmi, àwọn obìnrin náà ni olùpàṣàmọ́ tòótọ́ nínú ìjà yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn kò pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Bákan náà ni ti ìgbàgbọ́. Nígbà tí Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, fìdí kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta ní 1846, ẹni tí ó bá gba ìwé àti ìrìbọmi ni ó ń ta àṣà nù. Ní 1867, nígbà Ìfọ́lé, wọ́n lé àwọn òyìnbó jáde. Lónìí, Bíbélì wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbèjà àṣà.

Òkè òkun kò yàtọ̀. Ní Ìlú Ọba, ẹgbẹ́ Conservative dìbò lòdì sí òfin tí ó bí ètò ìlera ọ̀fẹ́, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Ní báyìí, olórí ẹgbẹ́ kan náà kì í lọ síbi ìbò láìṣèlérí pé òun yóò dáàbò bò ó. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Republican ti Lincoln ni ó fòpin sí oko ẹrú, àwọn Democrat gúúsù sì ni ó gbèjà rẹ̀. Lẹ́yìn òfin ẹ̀tọ́ ará ìlú ti 1964, àwọn aláwọ̀ funfun gúúsù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ sọ́dọ̀ Republican.

Kí ló ń fà á? Karl Mannheim, onímọ̀ ará Họ́ngárì, kọ ọ́ ní 1928 pé ohun tí ojú ènìyàn rí nígbà ọ̀dọ́ ni ó máa ń fi wo ayé títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo àyípadà ni ó wá láti inú pé àgbà yí ọkàn padà. Àgbà a máa lọ, ẹni tí ó bá nǹkan nílẹ̀ a sì gba ipò rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ń múra ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955, àwọn àgbẹ̀ ráhùn nítorí owó-orí àti ọmọ tí yóò kúrò lóko, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group ti Awólọ́wọ̀, sì fìdí rẹmi ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìbò àpapọ̀ 1954. Ẹni tí ó ń pariwo lónìí pé kí a dá ètò náà padà ń pe ara rẹ̀ ní onítẹ̀síwájú, ẹ̀yìn ni ó sì ń wò.

Ènìyàn kan ṣoṣo náà lè rìn ọ̀nà yìí láàárín ìgbà díẹ̀. Moshood Abíọ́lá, ọmọ Gbágùúrá, wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú NPN, tí a kà sí ti àwọn olùpàṣàmọ́, kí ó tó fi í sílẹ̀ ní 1982. Ní 1989, Babangida dá ẹgbẹ́ méjì sílẹ̀, ó ní SDP yóò tẹ̀ sí òsì díẹ̀, NRC yóò sì tẹ̀ sí ọ̀tún díẹ̀. Ní 1993, abẹ́ SDP ni Abíọ́lá ti díje, àwọn tí wọ́n bá a jà tẹ́lẹ̀ sì dìbò fún un.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ń tẹ̀lé ipa kan náà lọ́wọ́lọ́wọ́. Ní ìgbà Ìṣèlú Àkọ́kọ́, ọlọ́pàá ìbílẹ̀ wà ní Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn alátakò sì kórìíra wọn gidigidi, nítorí pé ìjọba ń fi wọ́n halẹ̀ mọ́ ènìyàn. Lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní 1966 ni wọ́n pa wọ́n pọ̀ mọ́ ọlọ́pàá àpapọ̀. Ní oṣù kìíní 2020, àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá dá ikọ̀ ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní onítẹ̀síwájú sì wà lára àwọn tí ó ń béèrè ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ kíkankíkan jù. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tí ó ní kí ọlọ́pàá wà lábẹ́ Àbújá nìkan ni ó ń pa ètò àwọn ológun mọ́.