Bí a ṣe ń tọ́ tòmátì aláìlóògùn kí èròjà aṣaralóore rẹ̀ lè pé

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìdí tòmátì mélòó kan lẹ́yìnkùlé.

Ẹ wo tòmátì méjì yìí. Orí ebè kan náà la ti ká wọn, a ò sì fi ajílẹ̀ oníkẹ́míkà tàbí oògùn apakòkòrò kankan sí wọn. Mo la èyí àkọ́kọ́: ó pupa dénú, omi ara rẹ̀ sì ki. Mo la ìkejì: ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀, níbi tó ti so mọ́ igi, ya àwọ̀ ìyeyè, abẹ́ ibẹ̀ funfun, ó sì le. Lycopene, èròjà tó ń pọ́n tòmátì, kò dé ibẹ̀. Pé a ò lo kẹ́míkà dára, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́ ló ń fi èròjà sínú èso. Oòrùn, ooru, omi, ajílẹ̀ àti ọjọ́ tá a ká a ló ń pinnu rẹ̀.

Ìgbà gbígbìn la ó kọ́kọ́ mú. Òjò àrọ̀kúrò ló dára jù níhìn-ín. Ẹ gbin irúgbìn sí nọ́sìrì ní àárín oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4, tí ó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ ṣí i lọ sórí ebè. Èso á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti ìparí oṣù kọkànlá: òjò ti lọ, ìmọ́lẹ̀ pọ̀, òru sì tutù. Ìmọ́lẹ̀ tó bá dé ara èso ló ń sọ fítámì C rẹ̀ di púpọ̀. Èyí tó bá ń pọ́n nínú oṣù kẹfà, lábẹ́ ìkùukùu, kì í ní in tó bẹ́ẹ̀, adùn rẹ̀ kì í sì í tó. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ dé oṣù kejì. Lycopene máa ń dá dáadáa láàárín ìwọ̀n ooru 20 sí 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tí ooru bá ti kọjá 30, ó ń fà sẹ́yìn, àwọ̀ ìyeyè nìkan ni yóò máa tẹ̀ síwájú.

Ó kan ajílẹ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ìgbẹ́ adìẹ pọ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn èèyàn sì máa ń dà á sílẹ̀ ní tútù. Ẹ kó o jọ, ẹ bò ó kí òjò má baà fọ̀ ọ́, ẹ máa yí i po fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, títí òórùn tó ń ta ojú yẹn á fi lọ. Kílógíráàmù 1 tó fún ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó. Ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 2 kí ẹ tó ṣí tòmátì wá. Ẹ wo ìdí tòmátì yìí: ewé rẹ̀ dúdú kirimú, ó ká kò, èso kò sì pọ̀. Nàítírójìn, èròjà inú ajílẹ̀ tó ń mú ewé hù, ti pọ̀ jù fún un. Ewé ló ń jẹ gbogbo rẹ̀, ewé náà á tún ṣíji bo èso, fítámì C á wá dín kù.

Èyí tí ilẹ̀ oníyanrìn wa sábà máa ń ṣaláìní ni pòtásíọ̀mù, nítorí òjò ń fọ̀ ọ́ lọ. Òun sì ni tòmátì fi ń pọ́n kárí, tó fi ń dùn. Ẹ lọ bá àwọn ìyá tó ń yan gàrí, ẹ gba eérú ìdí ààrò wọn, torí pòtásíọ̀mù wà nínú rẹ̀. Eérú igi nìkan o! Tí wọ́n bá fi ọ̀rá tàbí táyà koná, ẹ má gbà á. Ẹ fi asẹ́ jọ̀ ọ́, kí ẹ sì wọn agolo mílíìkì kékeré kan sí mítà kan níbùú lóròó nígbà tó bá ń yọ òdòdó. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí igi rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ fi yẹ̀pẹ̀ bò ó, ẹ bomi rin ín. Ẹ má ṣe pò ó pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìẹ. Eérú á lé nàítírójìn inú rẹ̀ jáde sínú afẹ́fẹ́. Tí ẹ bá wọn pH ilẹ̀ yín, ìyẹn ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan sí, tó sì ti tó 7, ẹ fi eérú sílẹ̀, torí èròjà irin (iron) àti síńkì kò ní í rọrùn fún gbòǹgbò láti fà mọ́.

Omi: lítà 1 sí 1 ààbọ̀ fún ìdí kan lójúmọ́ tí òjò kò bá sí, láàárọ̀. Kó má ṣe jẹ́ àgbàrá lónìí, ọ̀gbẹlẹ̀ lọ́la. Ẹ wo ìdí èso yìí tó dúdú, tó sì rì wọnú. Kòkòrò kọ́. Omi ló ń gbé kálísíọ̀mù lọ sínú èso. Tí omi bá já, kálísíọ̀mù á já. Èèpo ẹyin, tí kálísíọ̀mù wà nínú rẹ̀, tẹ́ ẹ bá dà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà kò lè wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn. Koríko gbígbẹ tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5, tí kò kan igi rẹ̀, ló ń mú kí omi dúró, kí ilẹ̀ sì tutù.

Nígbà tí èso àkọ́kọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú omi náà. Adùn á ki, fítámì náà á ki. Ewé lè rọ díẹ̀ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n tí kò bá tíì gbérí nírọ̀lẹ́, ó ti pọ̀ jù. Ẹ má sì tún ṣàdédé da omi púpọ̀ sí i, èso á là.

Ẹ fi ọparun gbé e dúró. Ewé tó wà lábẹ́ ìdì èso àkọ́kọ́ nìkan ni kí ẹ gé, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ewé tó bo èso lórí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Tòmátì aláwọ̀ ìyeyè ti ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, wọ́n ti ṣí ewé kúrò lórí rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ dára fún èso lóòótọ́, ṣùgbọ́n èso tí oòrùn ọ̀sán ń ta sí ní tààrà máa ń gbóná ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ dáadáa.

Fún ọjà tí kò jìnnà, bíi Sábó Ṣàgámù, ẹ jẹ́ kó pọ́n lórí igi. Tó bá ń lọ Èkó, ẹ ká a nígbà tó bá ti pọ́n dé ìdajì. Èyí tí wọ́n ká ní tútù, tí wọ́n wá fi kábáìdì sún pọ́n, awọ ara rẹ̀ nìkan ló pupa, kábáìdì náà sì léwu fún ara. Láàárọ̀ ni kí ẹ ká a, kí ẹ tẹ́ ẹ síbi òjìji, ẹ má gbé e sínú fíríìjì kó tó pọ́n tán. Ní ìsàlẹ̀ ìwọ̀n ooru 12 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò ní í pọ́n mọ́, òórùn dídùn rẹ̀ á sì lọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fítámì C, ẹ jẹ ẹ́ ní tútù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ká a. Tó bá jẹ́ lycopene lẹ fẹ́, ẹ dín in pẹ̀lú òróró díẹ̀ fún ọbẹ̀, torí òróró ló ń jẹ́ kí ara gbà á.