Ìdí tí sudo kì í fi í rí páswọ́ọ̀dù tí ẹ ti fi pamọ́ lórí Linux

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ẹ wo ojú kọ̀ǹpútà mi. Mo ṣí áàpù tí mo fi ń wo fáìlì, mo tẹ orúkọ sáfà tí iṣẹ́ mi wà lórí rẹ̀, ó wọlé tààrà. Kò bi mí ní páswọ́ọ̀dù, torí ó ti pẹ́ tí mo ti fi í pamọ́. Ó dáa. Mo pa á dé. Ní báyìí mo bọ́ sínú tẹ́míná, ibi tí a ti ń fi ọwọ́ tẹ àṣẹ fún Linux, mo ṣí áàpù yẹn kan náà, àmọ́ mo fi sudo síwájú orúkọ rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí à ń lò bí a bá fẹ́ kí nǹkan ṣiṣẹ́ pẹ̀lú agbára alábòójútó kọ̀ǹpútà. Sáfà kan náà, kọ̀ǹpútà kan náà, èmi náà ni mo ṣì jókòó síbí. Ẹ wò ó: ó ní kí n mú páswọ́ọ̀dù wá. Mo tẹ̀ ẹ́, mo ní kó bá mi tọ́jú rẹ̀, ó wá gbé àpótí kékeré kan jáde pé kí n yan páswọ́ọ̀dù fún keyring tuntun, ìyẹn ibi tí Linux ń tọ́jú páswọ́ọ̀dù sí.

Ẹ DÚRÓ NÍBẸ̀. Ẹ má tẹ ohunkóhun sínú àpótí yẹn.

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rò pé páswọ́ọ̀dù àwọn ti nù. Kò nù. Ó wà níbi tó ti wà látàárọ̀. Keyring tuntun tó ń bi yín nípa rẹ̀ yìí, inú fódà root, alábòójútó kọ̀ǹpútà, ni yóò lọ jókòó sí, lábẹ́ /root, ẹ̀yin kò sì ní í rí i mọ́ bí ẹ bá ṣí áàpù náà lọ́nà tó yẹ. Lórí kọ̀ǹpútà míì, àpótí yẹn lè má yọjú rárá, áàpù náà á kàn sọ pé òun ò rí ibi tí òun máa tọ́jú páswọ́ọ̀dù sí. Àìsàn kan náà ni.

Gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú, màá sì tún un sọ: KÌ Í ṢE PÉ ÀṢẸ YÍN KÒ TÓ. Ẹ TI DI ẸLÒMÍÌ NI. Bí ẹ bá fi sudo ṣí áàpù, kì í ṣe ẹ̀yin tí agbára kún ọwọ́ yín ló ṣí i. Ẹlòmíì ló ṣí i. Root lórúkọ rẹ̀, 0 ni nọ́ńbà tí Linux fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin, lórí Ubuntu, Debian tàbí Fedora, ẹni tó bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 1000.

Ẹ jẹ́ kí n fi onílé ṣe àpèjúwe, torí òun ni mo fẹ́ràn jù. Onílé ló ni ilé. Ó lè wọ yàrá yín nígbà tó bá wù ú, ó lè gbé àpótí irin yín jáde, ó lè wó ògiri pàápàá. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ẹ fi ti àpótí irin náà, inú orí yín ló wà. Kó gbé e káàkiri títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní í ṣí. Àpótí irin yẹn ni fáìlì login.keyring, tó wà nínú fódà .local/share/keyrings nílé yín. Root lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó lè pa á rẹ́, ṣùgbọ́n páswọ́ọ̀dù tí ẹ fi ń wọlé sí kọ̀ǹpútà ló tì í pa.

Ó tún kù o. Láàárọ̀ tí ẹ wọlé, PAM, apá Linux tó ń yẹ páswọ́ọ̀dù wò lẹ́nu ọ̀nà, gba páswọ́ọ̀dù yín, ó fi ṣí àpótí náà, ó sì fi lé akọ̀wé kan lọ́wọ́ nínú yàrá yín. Bí ojú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ GNOME, gnome-keyring-daemon ni akọ̀wé yẹn; bó bá jẹ́ KDE, KWallet ni. Áàpù tó bá fẹ́ páswọ́ọ̀dù kì í lọ ṣí fáìlì fúnra rẹ̀. Ọwọ́ akọ̀wé yìí ni áàpù ti máa béèrè rẹ̀, ojú ọ̀nà D-Bus, tí àwọn áàpù fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ni wọ́n sì ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ti èmi wà ní /run/user/1000/bus. Ẹ rí 1000 yẹn? Yàrá mi nìyẹn. Sudo, kó tó ṣí áàpù, máa ń fọ àwọn àdírẹ́sì báyìí dànù kúrò lára rẹ̀, ìyẹn ni pé áàpù náà dé ilé ayé láìmọ ọ̀nà yàrá akọ̀wé.

Mi ò sọ pé root ò lè jí páswọ́ọ̀dù yín o. Ẹni búburú tó bá gba root lè tú inú mẹ́mórì wò. Àmọ́ áàpù lásán kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò kàn kanlẹ̀kùn, wọn ò ní dá a lóhùn.

Ó dáa, a ti dé ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣubú. Ẹnìkan á sọ fún yín pé, ṣebí àdírẹ́sì ni sudo fọ̀ dànù, ẹ fi -E sí i kó lè gbé e dání. SUDO -E KỌ́ NI OÒGÙN RẸ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Òótọ́ ni pé ó máa gbé àdírẹ́sì dání, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀nà, D-Bus kì í gba orúkọ tí àlejò bá sọ. Ọwọ́ kernel, ọkàn Linux fúnra rẹ̀, ló ti ń bèèrè pé ta nìyí, kernel á sì sọ òótọ́: 0 ni. Akọ̀wé 1000 kò ní í dá 0 lóhùn.

Èyí tó burú jù ni pé -E máa ń gbé HOME yín, ìyẹn àdírẹ́sì fódà ilé yín, dání pẹ̀lú. Áàpù tó ń ṣiṣẹ́ bíi root á wá máa kọ fáìlì sínú ilé yín, gbogbo ohun tó bá kọ, ti root ni. Ó ṣe mí rí. Mo fi sudo -E ṣí áàpù kan lálẹ́, mo parí iṣẹ́, mo pa kọ̀ǹpútà. Nígbà tó di àárọ̀, mo tẹ páswọ́ọ̀dù mi, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn díẹ̀, ó tún dá mi padà síbi tí mo ti ń tẹ páswọ́ọ̀dù. Mo tún un ṣe bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Fáìlì .Xauthority mi, tí ojú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nílò kó tó lè ṣí, ti di ti root, èmi fúnra mi ò wá lè kọ nǹkan sí i mọ́. Bí ẹ bá ti bá ara yín níbẹ̀, ẹ tẹ Ctrl, Alt àti F3 pa pọ̀, ẹ wọlé síbẹ̀, kí ẹ wá ohun tí root fi sílẹ̀ nínú ilé yín:

sudo find ~ -xdev -user root

Ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó dá wọn padà fún ara yín:

sudo find ~ -xdev -user root -exec chown -h "$USER": {} +

Bí ẹ bá tiẹ̀ ti wọlé tí nǹkan sì ń lọ, ẹ ṣì wò ó lónìí. A kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn.

Kí wá ni ká ṣe? Ẹ jẹ́ kí áàpù máa jẹ́ tiyín, kí ó jẹ́ ìwọ̀nba iṣẹ́ tó nílò root nìkan ni root máa ṣe. Fáìlì inú /etc, fódà ètò kọ̀ǹpútà, lẹ fẹ́ tún ṣe? Ẹ ṣí áàpù fáìlì GNOME bí ẹ ti máa ń ṣe, kí ẹ tẹ admin:///etc síbi àdírẹ́sì. Yóò bi yín ní páswọ́ọ̀dù, ó parí. Kate lórí KDE, ẹ ṣí i bí ara yín, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú fáìlì ló máa béèrè àṣẹ. Bí ẹ bá fi sudo ṣí i, kò tiẹ̀ ní í gbà. Nínú tẹ́míná, sudoedit ni. Ẹ̀dà fáìlì ló máa gbé fún yín, ẹ tún un ṣe bí ara yín, òun á sì dá a padà síbi tó ti mú un. Àwọn tó ṣì ń wá gksu kiri, irinṣẹ́ àtijọ́ tí a fi ń ṣí áàpù bíi root, ẹ fi í sílẹ̀. Debian àti Ubuntu ti yọ ọ́ kúrò láti 2018.

Èyí tó kàn ni mo fẹ́ràn jù. Ká ní àṣẹ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ti root, tó sì nílò páswọ́ọ̀dù tó wà nínú keyring yín, bíi ìgbà tí ẹ fẹ́ ṣí dísíìkì tí ẹ tì pa. Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ gba páswọ́ọ̀dù lọ́wọ́ akọ̀wé, kí ẹ fà á lé root lọ́wọ́:

secret-tool lookup disiki afeyinti | sudo cryptsetup open /dev/sdb1 afeyinti

Ẹ wo òpó tó dúró láàárín yẹn. Apá òsì, ẹ̀yin ni, 1000. Apá ọ̀tún, root ni. Páswọ́ọ̀dù náà kò kan fáìlì kankan, kò sì hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa béèrè bóyá páswọ́ọ̀dù sudo kò ní í dàrú mọ́ ọn: rárá, tẹ́míná gan-an ni sudo ti ń ka tirẹ̀, kì í ṣe inú òpó. Lórí Debian àti Ubuntu, inú libsecret-tools ni secret-tool wà. Ẹ ó kọ́kọ́ fi páswọ́ọ̀dù náà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ṣàkíyèsí pé KÒ SÍ SUDO NÍBẸ̀:

secret-tool store --label='Disiki afeyinti' disiki afeyinti

Bí ó bá jẹ́ inú script, ìyẹn fáìlì tí a to àṣẹ sí, tó ti di root ni ẹ wà, ẹ padà di ara yín fún ìlà kan péré:

sudo -u "$SUDO_USER" DBUS_SESSION_BUS_ADDRESS=unix:path=/run/user/$SUDO_UID/bus secret-tool lookup disiki afeyinti

Páswọ́ọ̀dù Wi-Fi tí ẹ tọ́jú fún gbogbo ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà kò sí lára ọ̀rọ̀ yìí, inú /etc/NetworkManager/system-connections ló sábà máa ń wà, root ń rí i kedere. Bí kọ̀ǹpútà yín bá sì ń wọlé fúnra rẹ̀ láìbèèrè páswọ́ọ̀dù, keyring máa wà ní títì títí ẹ ó fi ṣí i, bí ẹ kò tiẹ̀ fọwọ́ kan sudo, torí kò sí ohun tí PAM rí gbà láàárọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tẹ páswọ́ọ̀dù sínú àpótí tuntun yẹn kí n tó ní kí ẹ dúró, ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀:

sudo ls -l /root/.local/share/keyrings

Bí ẹ bá rí fáìlì tí ẹ kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, tí ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ bá ọjọ́ tí ẹ dán sudo wò mu, ẹ pa á rẹ́. Tiyín ṣì wà nílé yín.