Agogo kónkóló àti dùndún lórí iPad: láti AUM títí dé áàpù tá a kọ fúnra wa

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Lónìí a fẹ́ mú agogo kónkóló dún bó ṣe yẹ kó dún nínú iPad, lẹ́yìn náà ká mú dùndún sọ̀rọ̀ díẹ̀, ká wá wo bí èèyàn ṣe ń kọ áàpù olórin tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ áàpù ìlù, bẹ́ ẹ bá ṣe ń ṣí i báyìí, àpótí mẹ́rìndínlógún lẹ máa rí, mẹ́rin-mẹ́rin ló ń kà, kò burú fún hip-hop, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé agogo ilé wa sínú ẹ̀, ńṣe ni agogo yẹn á máa tiro. Torí náà kóòdù kékeré la máa fi ṣe é.

Ẹ ṣí AUM. Òun ni mixer wa, òun ló ń so àwọn áàpù yòókù pọ̀. Èkejì ni Mozaic, èyí tí Bram Bos gbé jáde lọ́dún 2019, ibẹ̀ la ti máa kọ kóòdù, MIDI (àṣẹ tó ń sọ nóòtì tí áàpù mìíràn máa gbá) nìkan ló ń rán jáde, òun fúnra ẹ̀ ò ní ohùn kankan. Ẹ̀kẹta ni sampler, áàpù tó ń gbá ohùn tẹ́ ẹ ti rẹ́kọ́ọ̀dù, èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá ní, Koala ni mò ń lò. Owó ni AUM àti Mozaic o, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ fi fóònù rẹ́kọ́ọ̀dù agogo gidi, ẹ gbá a lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó dún tán, ẹ gé e, ẹ kó o sínú sampler, ẹ má wulẹ̀ wá ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti àdúgbò yín ló dáa jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ Bluetooth létí. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan skríìnì, ohùn á ti pẹ́ kó tó dé etí yín, ẹ á sì rò pé ọwọ́ yín ni ò dá. Íápíìsì oníwáyà ni kẹ́ ẹ lò. Nínú settings AUM, ẹ fi buffer (iye ohùn tí iPad ń kó jọ kó tó gbé e jáde) sí 256, ìyẹn ní sample rate 48000 jẹ́ bíi mílísẹ́kọ́ńdù márùn-ún, etí ò lè mọ̀ ọ́n. Tó bá ń ta pàràpàrà, ẹ gbé e sí 512.

Ó yá, ẹ fi Mozaic sí ìlà MIDI nínú AUM, ẹ fi sampler sí ìlà ohùn, ẹ lọ sí MIDI matrix kẹ́ ẹ tẹ ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé. Ẹ ṣí Mozaic, ẹ pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, kẹ́ ẹ kọ èyí:

@OnLoad
  konkolo = [1,0,1,0,1,1,0,1,0,1,0,1]
  ibi = 0
  SetMetroPPQN 3
@End

@OnHostStart
  ibi = 0
@End

@OnMetroPulse
  if konkolo[ibi]
    SendMIDINoteOn 0, 60, 100
    SendMIDINoteOff 0, 60, 0, 80
  endif
  ibi = (ibi + 1) % 12
@End

Ẹ wo ìlà kejì yẹn dáadáa. Àyè méjìlá ni, 1 ni ibi tá a ti ń gbá a, 0 ni ibi tá a ti dákẹ́, méje la gbá. Ẹ fi ẹnu kà á kẹ́ ẹ máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ máa rí i pé àyè mẹ́ta-mẹ́ta ló bọ́ sórí ìlulẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tá a fi kọ 3 sẹ́yìn PPQN (iye àyè tó wà nínú ìlulẹ̀ kan). AUM rò pé 4/4, ìkà mẹ́rin-mẹ́rin, lòun ń ṣe, ẹ jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀. Agogo yìí kan náà ni wọ́n ń lù ní bembé, ayẹyẹ òrìṣà ní Kúbà, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ti àwọn Lukumí, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá ibẹ̀, ẹ máa mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. 0 tó wà lẹ́yìn NoteOn ni channel kìíní, òdo ni Mozaic ti ń bẹ̀rẹ̀ ìkà, ó máa ń da àwọn èèyàn láàmú gan-an. 60 ni nóòtì, tí pad (bọ́tìnnì orí skríìnì) agogo yín bá wà lórí nọ́ńbà mìíràn ẹ yí i padà. Ẹ tẹ play.

Ṣẹ́ ẹ gbọ́ ọ? Ehn-ehn.

Dùndún wá nìyí, ibí ni iṣẹ́ wà. Tẹ́ ẹ bá kàn fi ohùn mẹ́ta sórí pad mẹ́ta, dò, re, mí, ẹ máa gbọ́ "Báwo ni", mí re re, ó máa yéni, ṣùgbọ́n kò ní dà bí ìlù, torí onílù kì í fò láti ohùn kan sí òmíràn, ó ń fún ọṣán ni, ohùn á máa yọ̀ wálẹ̀ tàbí gòkè. Pitch bend, àṣẹ MIDI tó ń gbé ohùn gòkè tàbí wálẹ̀, ló ń ṣe ìyẹn. Láti 0 dé 16383 ni, 8192 ni àárín, àárín yẹn ni re wa. Ẹ kọ́kọ́ wá bend range (bí ohùn ṣe lè yọ̀ jìnnà tó, semitone ni wọ́n fi ń kà á) nínú sampler yín kẹ́ ẹ gbé e sí 5, torí 2 ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀, 2 ò tó dùndún rárá. Sampler tí ò bá gba bend, ẹ wá òmíràn. Nínú Mozaic, @OnPadDown ló máa sọ ibi tí ohùn ń lọ, @OnTimer á sì máa gbé e débẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ní mílísẹ́kọ́ńdù mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó kù kún un. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó yára ẹ fi ìdajì. "Ìbàdàn", dò dò dò, kò nílò ìyọ̀ kankan, òun ni kẹ́ ẹ fi dán an wò kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí oríkì.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di áàpù gidi wàyí, AUv3 ni wọ́n ń pè é, ìyẹn áàpù olórin tó ń ṣí nínú áàpù mìíràn bí AUM, Apple gbé e wá pẹ̀lú iOS 9 lọ́dún 2015. Ẹ nílò Mac àti Xcode, áàpù Apple tí wọ́n fi ń kọ áàpù. Nínú ẹ̀, ẹ mú template Audio Unit Extension App, ẹ yan aumu tó bá jẹ́ ohùn lẹ fẹ́, aumi tó bá jẹ́ MIDI nìkan bíi ti agogo wa. Èdè kóòdù méjì ni: Swift lẹ máa fi ṣe ojú ẹ̀, C++ lẹ máa fi ṣe ohùn. Ibi tó ń ṣe ohùn yẹn, kò gbọdọ̀ tọrọ mẹ́mórì tuntun, kò gbọdọ̀ ṣí fáìlì, kò gbọdọ̀ dúró de ẹnikẹ́ni, torí mílísẹ́kọ́ńdù márùn-ún tá a sọ lókè yẹn ni gbogbo àyè tó ní, tó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, pàràpàrà ni. Ẹ ti kó ohùn dùndún sínú mẹ́mórì kí play tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin oní-Android, AUv3 ò sí lọ́dọ̀ yín, Oboe, kóòdù ohùn ti Google, ni kẹ́ ẹ wò.

Tẹ́ ẹ bá lo Apple ID ọ̀fẹ́, lẹ́yìn ọjọ́ méje áàpù yẹn ò ní ṣí mọ́, ẹ so iPad mọ́ Mac kẹ́ ẹ tún un gbé sí i. Dọ́là 99 lọ́dún ni tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e sí App Store, ẹ má sanwó yẹn títí ẹ ó fi rí onílù gidi kan tó fọwọ́ kàn án tó sì sọ fún yín pé ó dáa.